Bí o ṣe lè ṣe ìdánrawò bísínẹ́ẹ̀sì, statistics àti kóòdù tí ọwọ́ rẹ á fi mọ̀ ọ́n

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, mo ka ìdáhùn ogójì ìbéèrè statistics lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo kà á, ó yé mi. Mo tún kà á, ó tún yé mi sí i. Nígbà tó di àárọ̀, wọ́n gbé ìwé ìdánwò ka iwájú mi, mo sì ń wo ìbéèrè àkọ́kọ́ bí ẹni ń wo àlejò. Mo mọ̀ pé mo ti rí irú rẹ̀ rí. Ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ni mi ò mọ̀.

Kò sí awo kankan níbẹ̀. Ìdáhùn tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ kì í ṣòro láti lóye, torí pé ẹni tó kọ ọ́ ti ṣe èyí tó le jù níbẹ̀: ó ti yan ọ̀nà. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn mọ́tò rí gbogbo kọ́nà tí dírẹ́bà yà sí. Gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì, kó wá dá wà á lọ.

Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, dán irú nǹkan yìí wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní kí àwọn kan ka àyọkà kan, kí wọ́n sì tún un kà. Àwọn mìíràn kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ dorí kodò: àwọn tó dán ara wọn wò ló ta wọ́n yọ. Bẹ́ẹ̀ ni alẹ́ ọjọ́ yẹn ṣe tàn mí jẹ. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí mo pa ìwé dé, ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí.

Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín dá lórí ohun kan: bo ìdáhùn mọ́lẹ̀, kó o sì fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Kó ìbéèrè jọ, ṣùgbọ́n má kó o jù

Ìparí orí kọ̀ọ̀kan nínú ìwé tẹ́ ẹ̀ ń lò, ìwé ìbéèrè tí olùkọ́ pín, ìdánwò àwọn ọdún tó ti kọjá: ibẹ̀ ni kó o ti mú un. Bí o bá rí èyí tó ní èsì ìkẹyìn nìkan láìsí àlàyé, òun ni kó o kọ́kọ́ mú. Èsì lásán á jẹ́ kó o mọ̀ pé o ti ṣìnà, ṣùgbọ́n kò ní júwe ọ̀nà fún ọ, ohun tó o sì ń wá gan-an nìyẹn.

Ìbéèrè mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó fún ìjókòó kan. Mo mọ ẹni tó wa ìbéèrè irinwó sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò sì ṣe ju mẹ́sàn-án lọ títí a fi ṣe tán.

Kí ọwọ́ rẹ tó kan ẹ̀rọ ìṣirò

Ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, má kọ nǹkan kan. Ní ìgbà kejì, kọ ìlà mẹ́ta: ohun tí wọ́n fún ọ, ohun tí wọ́n ń béèrè, àti iye tó o fojú díwọ̀n pé ìdáhùn á sún mọ́.

Ìlà kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun gan-an ló sì ń gba èèyàn là. Bí o bá ti kọ ọ́ pé "ó yẹ kó wà láàárín 500 sí 1,000", tí ẹ̀rọ ìṣirò wá gbé 60,000 jáde, wàá mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọwọ́ rẹ ti tẹ òdo méjì kún un. Ẹni tí kò fojú díwọ̀n á kọ 60,000 sílẹ̀, á fa ìlà méjì sí i nídìí, á sì kọjá sórí ìbéèrè tó kàn tayọ̀tayọ̀.

Bí o bá há, má tíì sá lọ síbi ìdáhùn. Fún ara rẹ ní ogún ìṣẹ́jú. Ya àwòrán, fi nọ́ńbà kékeré rọ́pò èyí tó tóbi, béèrè lọ́wọ́ ara rẹ pé kí lo máa nílò láti mọ̀ kó o tó lè mọ èyí tí wọ́n ń béèrè. Bí ogún ìṣẹ́jú bá pé tí nǹkan kan kò ṣí, fi ìwé pélébé bo ojú ìwé ìdáhùn, kó o fà á wálẹ̀ kí ìlà kan ṣoṣo yọ. Ka ìlà yẹn, bò ó padà, máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ ChatGPT tàbí irú rẹ̀ lo ń bi, sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ sọ ìdáhùn, kó kàn ta ọ́ lólobó kan. Kó o sì máa yẹ ìṣirò rẹ̀ wò, torí ó lè ṣìṣe pẹ̀lú ìgboyà tó pọ̀.

Ìbéèrè bísínẹ́ẹ̀sì

Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, ìṣirò rẹ̀ kì í le. Mú èyí: iléeṣẹ́ kan ń ta ọjà kan ní 50 lẹ́yọ. Ohun èlò àti owó iṣẹ́ lórí ẹyọ kan jẹ́ 30. Owó ilé àti owó oṣù àwọn alábòójútó, tí wọ́n á san bóyá ọjà tà tàbí kò tà, jẹ́ 12,000 lóṣù. Ẹyọ mélòó ni wọ́n gbọ́dọ̀ tà lóṣù kí wọ́n má jèrè, kí wọ́n má sì pàdánù?

Ẹyọ kan tí wọ́n bá tà á ṣẹ́ 20 kù lẹ́yìn tí 30 bá ti lọ. 20 yẹn ni wọ́n ń fi san 12,000 díẹ̀díẹ̀. Pín 12,000 sí 20, ó jẹ́ 600. Má tíì dìde o. Dá a padà sínú ìbéèrè: 600 lọ́nà 50 jẹ́ 30,000 tó wọlé, 600 lọ́nà 30 jẹ́ 18,000 tó jáde, fi 12,000 kún un, ó di 30,000. Ó dọ́gba.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dúró, ibí yìí sì ni ìdánrawò gan-an ti ń bẹ̀rẹ̀. Yí ìbéèrè náà padà fúnra rẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ èrè 5,000 ńkọ́? 12,000 di 17,000, pín in sí 20, ó jẹ́ 850. Bí ohun èlò bá gbówó lórí tí 30 di 33 ńkọ́? Ohun tó ń ṣẹ́ kù di 17, 12,000 pín sí 17 sì jẹ́ 705.88. Kò sẹ́ni tó ń ta ìdá ọjà. Bí wọ́n bá ta 705, owó tó ṣẹ́ kù jẹ́ 11,985, ó dín 15. Bí wọ́n bá ta 706, ó jẹ́ 12,002, ó lé 2. Nítorí náà 706 ni. Ká tiẹ̀ ní 705.1 ni ẹ̀rọ ìṣirò gbé jáde, 706 náà ni a ó kọ. Òfin "bí kò bá tó ìdajì, jù ú nù" tí wọ́n kọ́ wa ní pírámárì kò wúlò níbí.

Ṣọ́ ọ̀rọ̀ àkókò pẹ̀lú. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò fẹ́ràn kí wọ́n fún ọ ní owó ilé lóṣù àti iye ọjà lọ́dún nínú gbólóhùn kan náà. Kọ "lóṣù" tàbí "lọ́dún" sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo nọ́ńbà.

Ọ̀kan tún wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹnì kan fi 1,000 dókòwò lónìí. Òwò náà á san 600 lópin ọdún kìíní àti 600 lópin ọdún kejì. Èlé tí a fi ń díwọ̀n jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ni òwò yìí jẹ́ ní owó òní? Pẹ̀lú èlé yìí, 1 òní á di 1.1 lẹ́yìn ọdún kan, á di 1.21 lẹ́yìn ọdún méjì. Torí náà, 600 pín sí 1.1 jẹ́ 545.45. 600 pín sí 1.21 jẹ́ 495.87. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 1,041.32. Yọ 1,000, ó ku 41.32.

Wàyí o, ṣe é nínú Excel. Kọ -1,000, 600 àti 600 sínú B1 dé B3, kó o gbé gbogbo wọn fún NPV, fọ́múlà Excel tó ń ṣírò iye òwò ní owó òní, pẹ̀lú èlé 10%. Èsì tó máa fún ọ ni 37.57. Excel kò ṣìṣe. Ohun tí NPV gbà ni pé òpin ọdún kìíní ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó o gbé fún un máa wáyé, torí náà ó ti dín 1,000 tó o san lónìí kù bí ẹni pé ọdún tó ń bọ̀ lo máa san án. Yọ B1 kúrò nínú àkámọ́, kó o wá fi kún un lẹ́yìn:

=NPV(10%, B2:B3) + B1

Mo ti rí i tí èèyàn méjì jiyàn lórí 41.32 àti 37.57 fún nǹkan bí wákàtí kan, tí oníkálukú ń fi ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ han ẹnì kejì. Ká ní ọ̀kan nínú wọn ti fi bírò ṣe é lórí ìwé ni, kì bá tó ìṣẹ́jú méjì.

Ìbéèrè statistics

Mú nọ́ńbà márùn-ún: 4, 5, 6, 7, 8. Wá standard deviation wọn, ìyẹn bí wọ́n ṣe fọ́n ká tó sí ìpíndọ́gba wọn, má lo kọ̀ǹpútà. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 6. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí 6 ni -2, -1, 0, 1, 2. Sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀: 4, 1, 0, 1, 4. Àròpọ̀ jẹ́ 10. Títí dé ibí, kò sí àríyànjiyàn. Ṣé 5 la ó wá pín in sí ni àbí 4?

Bí nọ́ńbà márùn-ún yìí bá jẹ́ gbogbo ohun tó wà láyé lórí ọ̀rọ̀ náà, 5 ni: 10 pín sí 5 jẹ́ 2, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 1.41. Bó bá jẹ́ pé a kàn mú márùn-ún wò nínú ọ̀pọ̀ ni, 4 ni: 2.5, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 1.58. Ìdí ni pé inú nọ́ńbà márùn-ún yẹn náà la ti rí 6. Àárín wọn ló jókòó sí, ó sún mọ́ wọn ju bí ìpíndọ́gba tòótọ́ ti gbogbo ọ̀pọ̀ náà ṣe lè sún mọ́ wọn lọ, torí náà ìjìnnà tí à ń wọ̀n máa ń kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Pípín in sí nọ́ńbà tó dín ní ọ̀kan ló ń dá díẹ̀ padà.

Mọ èyí dáadáa, torí àwọn irinṣẹ́ kò fẹnu kò. Nínú Excel, STDEV.P á fún ọ ní 1.41, STDEV.S á fún ọ ní 1.58. Nínú Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, numpy.std á fún ọ ní 1.41 bí o kò bá sọ nǹkan kan fún un, ṣùgbọ́n pandas, irinṣẹ́ Python mìíràn, á fún ọ ní 1.58. Nínú R, èdè kóòdù mìíràn, sd á fún ọ ní 1.58. Nọ́ńbà kan náà, kọ̀ǹpútà kan náà. Nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ lo irinṣẹ́ tuntun, 4, 5, 6, 7, 8 ni mo máa ń kọ́kọ́ jù sí i, kí n mọ ẹgbẹ́ tó wà.

Ní ti probability, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní: jù ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó o ka èèyàn. Àìsàn kan ń ṣe ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Àyẹ̀wò rẹ̀ ń rí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní in, ó sì ń purọ́ mọ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ní in. Àyẹ̀wò ní o ní in. Báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó pé o ní in lóòótọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ máa ń sọ pé 90. Kó èèyàn 10,000 jọ lórí ìwé. 100 ló ní in. Àyẹ̀wò á mú 90 nínú wọn. 9,900 ni kò ní in. Àyẹ̀wò á purọ́ mọ́ 495. Àpapọ̀ àwọn tí àyẹ̀wò mú jẹ́ 585, 90 péré ló ní in láàárín wọn. 90 pín sí 585 kò ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀ lọ. Ṣe é báyìí nígbà mẹ́rin sí márùn-ún, fọ́múlà inú ìwé á wá dà bí ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ.

Ìṣòro tó tóbi jù nínú statistics ni mímọ èyí tí a ó lò. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Wọ́n wọn ogún èèyàn ṣáájú ẹ̀kọ́ kan, wọ́n tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn rẹ̀: nọ́ńbà ogójì. Wọ́n wọn ogún èèyàn tó gba ẹ̀kọ́ àti ogún mìíràn tí kò gbà á: nọ́ńbà ogójì náà ni. T-test, ọ̀nà láti mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ láàárín ìpíndọ́gba méjì ju èèṣì lọ, ni méjèèjì, ṣùgbọ́n èkíní jẹ́ ti méjì-méjì tó so mọ́ra, èkejì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó o bá ń ṣe ìbéèrè lábẹ́ àkọlé orí kan, àkọlé yẹn ti sọ èyí tó o máa lò fún ọ. Nítorí náà, kọ ìbéèrè láti orí mẹ́rin sórí káàdì láìkọ nọ́ńbà orí sí i, pò wọ́n bí ẹni ń po ayò káàdì, kó o máa fà wọ́n yọ. Lọ́jọ́ kan, má tiẹ̀ ṣírò nǹkan kan. Kàn sọ ọ̀nà tó o máa gbà àti ìdí rẹ̀, kó o gbé òmíràn.

Ọ̀rọ̀ t-test yìí tún ní ìtàn tó ń ran ni lọ́wọ́. William Gosset, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọtí Guinness ní Dublin, ló gbé e jáde ní 1908, orúkọ "Student" ló sì fi bojú. Ìwọ̀nba nọ́ńbà díẹ̀ ló máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ibi iṣẹ́, ọ̀nà tí wọ́n ń lò nígbà náà sì nílò ọ̀pọ̀. Bí ìbéèrè bá fún ọ ní àpẹẹrẹ kékeré, tí kò sì sọ standard deviation gbogbo ọ̀pọ̀ náà fún ọ, Gosset ló ń pè ọ́ yẹn.

Bí o bá parí ìṣirò, kọ gbólóhùn kan tí ẹni tí kò kàwé statistics lè gbọ́. P (p-value, nọ́ńbà tí irú àyẹ̀wò bíi t-test ń gbé jáde) tó jẹ́ 0.03 kò sọ pé ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìyàtọ̀ kò sí. Ohun tó sọ ni pé, ká ní ìyàtọ̀ kò sí lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ni a ó rí irú ohun tá a rí yìí tàbí èyí tó jù ú lọ. Máàkì tó ń bọ́ sílẹ̀ lórí gbólóhùn yìí kò kéré.

Kóòdù

Fi bírò kọ ọ́ ná. Mo mọ̀ pé ó dà bí ìyà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà máa ń yára bo àìmọ̀kan mọ́lẹ̀: èèyàn á máa yí nọ́ńbà síwá sẹ́yìn títí á fi ṣiṣẹ́, kò sì ní mọ ìdí tó fi ṣiṣẹ́. Wo èyí:

```
def giredi(maki):
    if maki >= 50:
        return "C"
    elif maki >= 60:
        return "B"
    elif maki >= 70:
        return "A"
    else:
        return "F"
```

Bo ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, kó o sọ ohun tí giredi(85) máa mú wá. C ni. 85 ju 50 lọ, ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ ló ti gbà jáde, kò dé ọ̀dọ̀ A rárá. Python kò ní kígbe, kò ní fi àmì pupa hàn ọ́. Ìwọ lo gbọ́dọ̀ rí i. Gbé 70 sókè, kí 60 tẹ̀ lé e, kí 50 wá kẹ́yìn.

Bó bá jẹ́ loop, kóòdù tó ń tún iṣẹ́ kan ṣe léraléra, ya tábìlì. Wọ́n ní kó o ro 1 dé 10 pọ̀:

```
total = 0
for i in range(1, 10):
    total = total + i
print(total)
```

Kọ i sí apá òsì, total sí apá ọ̀tún: 1 àti 1, 2 àti 3, 3 àti 6, 4 àti 10, máa bọ̀ títí dé 9 àti 45. Ibẹ̀ ló parí sí. 10 kò wọlé, torí range kì í kó nọ́ńbà ìkẹyìn mọ́ra. range(1, 11) ló máa fún ọ ní 55. Ẹni tó bá ya tábìlì yìí lẹ́ẹ̀kan kì í sábà gbàgbé.

Lẹ́yìn tí kóòdù bá ti ṣiṣẹ́ lórí àpẹẹrẹ inú ìwé, fi ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí dán an wò. Kóòdù tó ń wá ìpíndọ́gba: fún un ní list (àkójọ nọ́ńbà) òfìfo, á dojú bolẹ̀ pẹ̀lú ZeroDivisionError, àṣìṣe pípín nǹkan sí òdo. Fún un ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Fún un ní èyí tó kéré ju òdo lọ. Bi Python bóyá 0.1 + 0.2 == 0.3, á dá ọ lóhùn pé False, torí kọ̀ǹpútà kò lè tọ́jú 0.1 gẹ́lẹ́ ní binary, ìṣirò oní 0 àti 1 nìkan tó ń lò. Bó bá jẹ́ owó lo ń ṣírò, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́ gan-an.

Bí àṣìṣe bá sì yọ, ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ni kó o kọ́kọ́ kà, òun ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òkè rẹ̀ ni wàá ti rí nọ́ńbà ìlà tó ti ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, pa kóòdù náà rẹ́, kó o tún un kọ láìwo nǹkan kan.

Ìwé àṣìṣe

Ra ìwé kékeré kan fún èyí nìkan. Fún ìbéèrè tó o gbà, má kọ nǹkan kan. Fún èyí tó o ṣì, kọ ohun mẹ́ta: ìbéèrè náà ní ṣókí, ohun tó o ṣe, àti ìdí tó o fi ṣe é. Ìdí yẹn ni kó o mú ní ọ̀kúnkúndùn. "Mo ṣì í" kì í ṣe ìdí. "Mo lo owó ọdún níbi tí wọ́n ti béèrè ti oṣù" ni ìdí. Padà sórí ìbéèrè náà lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ kan, kó o ṣe é látìbẹ̀rẹ̀. Bí àṣìṣe kan bá wọ ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wá ìbéèrè márùn-ún lórí òun nìkan kó o tó ṣe nǹkan mìíràn. Nínú ìwé tèmi, "mi ò ka ìbéèrè dé òpin" ló gba ojú ìwé jù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, mú ìwé ìbéèrè ọdún kan tó o kò tíì fọwọ́ kàn. Gbé fóònù sí yàrá mìíràn, fi aago sí iwájú, lo àkókò tí wọ́n máa fún yín gẹ́lẹ́. Má máàkì iṣẹ́ ara rẹ lọ́jọ́ yẹn, ojú ṣì ń ṣàánú. Ní ọjọ́ kejì, mú bírò pupa, kó o máàkì rẹ̀ bíi ti ẹni tí o kò mọ̀ rí. Ibi tí èsì bá ti tọ̀nà ṣùgbọ́n tí kò sí ìlà tó fi bó o ṣe débẹ̀ hàn, gé máàkì.